Ọ̀gá Tí Kò Gba Orúkọ Kúkúrú

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, bí ẹ bá jókòó, ẹ dìde ná. Ní ilé iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Ọ̀gá Pátápátá lórí ìjókòó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jókòó padà, torí ìtàn náà gùn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gùn tó oyè ọkùnrin náà.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ni. Ilé alájà méjì ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, gbọ̀ngàn kan sì wà nísàlẹ̀ tí àwọn àfẹ́sọ́nà máa ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n á máa fi ìwé pélébé fẹ́ ara wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ló gbéyàwó lójú òfin. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, àjọgbé lásán ló ń ṣe.

Bí Ọ̀gá Pátápátá bá ń bọ̀ láàárọ̀, akọ̀wé rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ẹnu-Oyin lẹ́yìn, á ti ṣáájú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á máa ké pé: "Ẹ dìde o! Olùdarí Àgbà ń bọ̀! Baba Àwọn Tọkọtaya! Òpó Tí Ìjọba Fẹ̀yìn Tì! Alákòóso Tí Kò Ní Ẹlẹ́gbẹ́!" Ọ̀gá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa dibọ́n bí ẹni tó ń wo bàtà, kó lè gbọ́ ọ dópin. Níjọ́ kan tí Ẹnu-Oyin fo Òpó, ńṣe ni àwọn méjèèjì padà sísàlẹ̀ lọ tún àtẹ̀gùn náà gùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Ọ̀gá lọ́kàn. Àga kan ṣófo lókè lọ́hùn-ún, àga Olórí Gbogbo Òṣìṣẹ́ Ìjọba. Mínísítà ló ń fi èèyàn sí i, Mínísítà sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ di tìgbàlódé lòun ń wò. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí Ọ̀gá, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ dáadáa mọ́. Ó fẹ́ àga yẹn débi pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí tirẹ̀.

"Ìyá wọn," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé, "ó kù díẹ̀ kí o di ìyàwó Olórí Gbogbo Òṣìṣẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ lọ́wọ́. "Bàbá wọn, tí ẹ bá débẹ̀, ṣé ẹ máa wá máa fetí sí èèyàn?"

Ọ̀gá kò gbọ́. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe wọlé. Ètò tó ń jí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà láàárọ̀, tó sì ń pàṣẹ fún wọn ohun tí wọ́n máa ṣe, ti darúgbó. Àwọn méjì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wá gba Ọ̀gá nímọ̀ràn pé kó gba ètò ọ̀fẹ́ kan tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń ṣe. Kò sẹ́ni tó dá ni ètò náà. Ẹni tó bá wù lè gbà á, kó tú inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe bó ṣe fẹ́, kó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún aládùúgbò. Nítorí èyí ni oríṣi rẹ̀ fi pọ̀ lọ jàra, tí àwọn tó fẹ́ràn oríṣi kan sì ń bá àwọn tó fẹ́ràn òmíràn jà bí ọmọ olórogún.

Ibẹ̀ náà ni ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì ti pínyà. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní Onísùúrù, oríṣi tó ń jẹ́ Àgbà ló fẹ́. Èkejì, Kánmọ́kánmọ́, oríṣi tó ń jẹ́ Ọ̀tun ló gbà gbọ́. Yàrá kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn kì í jọ jẹun mọ́ torí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀gá kò lè gbọ́ ìjà kó má gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ó yan Ìgbìmọ̀ Gíga Fún Ìfiwéra Àgbà àti Ọ̀tun, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà sì jẹ́ èèyàn tí kò bá a jiyàn rí. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì méjì, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lé e, wọ́n sì fi òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ wọn bí ẹni pé àwọn ẹ̀rọ náà fẹ́ fẹ́ ara wọn.

"Ẹ̀yin àgbààgbà," Onísùúrù bẹ̀rẹ̀, "Àgbà kì í kánjú. Kí wọ́n tó gbé ohun tuntun wọ inú ẹ̀, wọ́n á ti dán an wò títí á fi sú wọn. Bó ṣe jí lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa jí lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Báwo ló ṣe máa bàjẹ́, nígbà tí kì í ṣe nǹkan kan?" Kánmọ́kánmọ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun fún Àgbà, á lóun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀tun tèmi ń gba àtúnṣe lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n ṣe lánàá ti wà nínú ẹ̀."

"Àtúnṣe òní, ìbàjẹ́ ọ̀la! Nígbà tí tìẹ gba àtúnṣe níjọ́sí, ṣé kì í ṣe pé ohùn ẹ̀ lọ, tó o fi odidi òwúrọ̀ wá a?"

"Tìẹ ńkọ́, tójú ẹ̀ rí bí ilé tí wọ́n kùn nígbà tí bàbá wa ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé?"

Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. "Mo ti gbọ́ yín," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yín jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kan ìpìlẹ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni àwòrán mi máa fẹ̀ jù lójú ẹ̀?"

Àwọn ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀. Ẹnu-Oyin fa aṣọ ìnujú yọ, ó nu ojú tí kò tutù. "Ẹ ò rí i? Látọdúnmọ́dún làwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fi ètò wéra káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó béèrè èyí rí!"

Òótọ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí.

Wọ́n gbé àwòrán Ọ̀gá wọ inú Àgbà, ó jókòó sáàárín, dúdú yí i ká. Wọ́n gbé e wọ inú Ọ̀tun, ó tàn láti etí kan dé èkejì, etí Ọ̀gá gan-an sì hàn méjèèjì. Ìgbìmọ̀ kò fi àkókò ṣòfò mọ́. Ọ̀tun ló wọlé. Kánmọ́kánmọ́ fò sókè, Onísùúrù wo ilẹ̀, Ọ̀gá sì sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè títí ẹnì kan fi sùn lọ nínú ìgbìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí ó má baà rú yín lójú. Irú ètò yìí ní àṣà kan tó dára. Èèyàn lè ki fíláàṣì, ohun kékeré tí wọ́n kó ètò náà sí, bọ inú ẹ̀rọ kó fi tọ́ ọ wò ná, kó tó gbé e wọlé pátápátá. Lójú ìtọ́wò yẹn, á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ti délé, ṣùgbọ́n àlejò ni. Bí ẹ̀rọ bá kú pẹ́nrẹ́n, ohun gbogbo tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn. Ìtọ́wò ni ìgbìmọ̀ rí. Ó wá kù kí wọ́n gbé Ọ̀tun wọlé.

Kánmọ́kánmọ́ tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé, pé ta ló ni òun, kí ó fún òun ní orúkọ kúkúrú kan.

"Kọ ọ́ síbẹ̀," ni Ọ̀gá wí, ó gbé àyà síwájú. "Olùdarí Àgbà, Baba Àwọn Tọkọtaya, Òpó Tí Ìjọba Fẹ̀yìn Tì…"

Ẹ̀rọ kọ̀. Wọ́n yọ Òpó, ó kọ̀. Wọ́n yọ Baba Àwọn Tọkọtaya, ó kọ̀ síbẹ̀, ó ní ó ti gùn jù, pé òun kò fẹ́ oyè.

"Ó ní òun ò fẹ́ kí ni?"

"Sà, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn," Kánmọ́kánmọ́ dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká kọ 'ọ̀gá' nìkan sí i."

"Ọ̀gá nìkan? Ẹni tó ń tún táyà ṣe níwájú ọ̀nà yẹn, ṣé kì í ṣe ọ̀gá ni wọ́n ń pe òun náà?"

"Kí n wá kọ orúkọ tèmi, sà."

"Orúkọ tìẹ! Sórí ẹ̀rọ ìjọba! Níbi tí orúkọ tèmi ò ti gbà!" Ọ̀gá yíjú sí Onísùúrù. "Ìwọ, gbé Àgbà wá. Àgbà á mọ àgbà."

Onísùúrù sáré gbé e wá, inú rẹ̀ dùn dé ìka ẹsẹ̀. Àgbà náà béèrè orúkọ kúkúrú. "Sà," ó jẹ́wọ́, "ìyá kan náà ló bí wọn."

Ọ̀gá jókòó, ó ń mí gúlegúle. Kò sẹ́ni tó fi irú ìwọ̀sí yìí kàn án láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó wá rántí pé nígbà ìtọ́wò, ẹ̀rọ kò béèrè orúkọ kankan. Àwòrán rẹ̀ kàn yọ ni, tìyìn-tìyìn. Ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀," ó pàṣẹ. "Níbi tó ti bọ̀wọ̀ fún mi, ibẹ̀ la máa lò ó."

"Sà, ìtọ́wò lásán nìyẹn. Bí iná bá lọ…"

"Ta ló máa jẹ́ kí iná lọ?"

Lójú ẹsẹ̀, Ọ̀gá ti ń kọ̀wé béèrè fún jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì. Ó ṣòfin pé ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí gbogbo tábìlì ń kọ orúkọ àwọn tọkọtaya sí, kò gbọdọ̀ kú láé. Ó fi ẹ̀ṣọ́ kan síwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà á jókòó sórí àpótí láti àárọ̀, á dojú kọ ògiri, á máa ṣọ́ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ìgbálẹ̀ dé ibẹ̀. Ìdọ̀tí kún yàrá náà títí, Ẹnu-Oyin sì ní eruku ìlọsíwájú ni.

Nígbà tí Ọ̀gá tún gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀dà irú ètò yìí láìgba àṣẹ, ẹ̀rù bà á. "Wọ́n lè dà mí kọ!" ló pariwo. Ó kéde pé ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà ohunkóhun kúrò lórí ẹ̀rọ ńlá yẹn, olè ni. Bẹ́ẹ̀ ni ètò tí wọ́n ṣe fún pínpín di ohun àtìmọ́lé. Ó fòpin sí fífi bírò kọ orúkọ sínú ìwé. Ó sì dá gbogbo ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó dúró, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní gbà á àfi lọ́jọ́ ìṣílé ètò tuntun náà, nígbà tí Mínísítà bá wá, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí àwòrán tó wà lókè rẹ̀. Ẹ kò ní bi mí pé àwòrán ta ni.

Báyìí ni àwọn èèyàn ń gbéyàwó tí wọ́n ń lọ lọ́wọ́ òfo. Mínísítà pàápàá mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ó fẹ́ fi í fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kíákíá. Orí Ọ̀gá wú. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́, ó sọ̀rọ̀ lórí ìjọba, ó fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, ó ṣàdúrà, ó sì ṣe àmín rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àsìkò ti lọ gan-an nígbà tó parí, nítorí náà akọ̀wé ìdí tábìlì kàn tẹ orúkọ wọn wọlé ni, gbogbo wọn sì lọ sílé.

Ọjọ́ ìṣílé kù sí dẹ̀dẹ̀. Mínísítà ti ránṣẹ́ pé bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ, níbẹ̀ gan-an lòun ti máa dárúkọ ẹni tó máa jókòó sí àga yẹn. Ọ̀gá rìn yí gbọ̀ngàn ká, ó wo àwòrán ara rẹ̀ tó ń tàn lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ó sì fajú ro.

"Kò ní ìyanu nínú," ó ní. "Ohun tó ti ń tàn tẹ́lẹ̀, ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún un? Mo fẹ́ kí gbogbo wọn kú níwájú Mínísítà. Mo fẹ́ kí òkùnkùn ṣú. Kí wọ́n wá jí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú mi là bí oòrùn."

Onísùúrù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Sà, ẹ dákun. A ò tíì kúrò lójú ìtọ́wò. Tẹ́ ẹ bá pa á, gbogbo orúkọ máa lọ."

"Òótọ́ ló sọ, sà," Kánmọ́kánmọ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dá sọ ọ́, bóyá ì bá rò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í jọ jẹun, tí wọn kò gbà rí pé ọ̀sán ni ọ̀sán, kí ẹnu wọn wá kò lójijì báyìí? "Ọ̀tẹ̀ ni," ó sọ fún Ẹnu-Oyin. "Wọ́n fẹ́ kí n pàdánù àga yẹn."

"Mo rí i lójú wọn, sà," ni Ẹnu-Oyin dáhùn, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn orí wọn nìkan ló rí.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Àwọn tọkọtaya tó ń retí ìwé ẹ̀rí jókòó ní méjì-méjì, Mínísítà wà níwájú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀. Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mo ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, ṣùgbọ́n àánú yín ṣe mí. Nígbà tó parí, ó ní kò sí ọwọ́ mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sún ẹ̀ṣọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná.

Òkùnkùn ṣú. Ìró tó ti ń hùn nínú ilé náà láti oṣù mélòó kan dákẹ́ wẹ́lo. Nǹkan kan já lu Ọ̀gá láyà, ó sì rò pé ayọ̀ ni. Ó tan iná padà, ó sì padà sí gbọ̀ngàn.

Kánmọ́kánmọ́ àti Onísùúrù tẹ ẹ̀rọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ojú Ọ̀gá, tí wọ́n ti kó sínú fíláàṣì náà, là lórí gbogbo wọn, etí méjèèjì hàn. Àtẹ́wọ́ gba gbogbo ilé kan. Mínísítà rẹ́rìn-ín músẹ́, Ọ̀gá sì rí àga náà lójú rẹ̀ kedere, ó tilẹ̀ rí àwọ̀ tìmùtìmù rẹ̀.

"Ó dára gan-an," Mínísítà wí. "Ó yá, ẹ tẹ ìwé tàwọn ọmọ mi jáde ká rí i."

Akọ̀wé ìdí tábìlì tẹ orúkọ wọn. Kò sí. Ó tún un tẹ̀. Kò sí. Ó tẹ orúkọ tọkọtaya tó jókòó tẹ̀ lé wọn, kò sí. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ pé tọkọtaya mélòó ló mọ̀, ẹ̀rọ sì fi ìwà tútù dáhùn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, òun kò mọ ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ náà rìn lọ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì. "Ìyẹn ni pé a ò tíì fẹ́ra?" obìnrin kan béèrè. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó gbé e mì. Níbòmíràn, ìyá ọkọ kan ti dìde, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè.

"Ta ló fà á?" Mínísítà béèrè.

"Ọ̀tun ni, sà," ni Onísùúrù wí. "Ká ní Àgbà ni…"

"Àgbà ńkọ́?" Kánmọ́kánmọ́ gbaná jẹ. "Àgbà ò ní kú tẹ́ ẹ bá pa á?" Bẹ́ẹ̀ ni ìjà wọn tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Ọ̀gá wo apá ọ̀tún rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Ẹnu-Oyin kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wà lẹ́yìn Mínísítà, ó tẹ̀ sí i létí, ó ń wí pé, "Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fún un, sà. Kì í gbọ́ràn."

Ẹ má tíì sunkún. Ọ̀nà kan ṣì ṣí sílẹ̀. Mínísítà pe Ọ̀gá sẹ́yìn mọ́tò, ó bá a sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Ọmọ mi ò lè máa ṣe àjọgbé nílé ọ̀rẹ́ mi. Mo máa dá wọn padà wá lọ́la. Tún un ṣe láìsí ariwo. Tó o bá ṣe é láṣeyọrí, a ṣì lè jọ sọ̀rọ̀ àga yẹn."

Ọ̀gá délé, kò rí oorun sùn. Ní àárọ̀, ó ní kí wọ́n gbé ètò wọ ẹ̀rọ dáadáa, kí wọ́n lo èyí tó bá wù wọ́n, kí wọ́n kọ orúkọ tó bá wù wọ́n sí i. Onísùúrù gbé Àgbà wọ ọ̀kan, Kánmọ́kánmọ́ gbé Ọ̀tun wọ òmíràn. Orúkọ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n kọ sórí méjèèjì, torí ó kúrú, ó sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì fi gbà fún ara wọn. Ọ̀gá rí i, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Wọ́n dé. Ọkọ wá pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, ọmọ Mínísítà wá pẹ̀lú ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ fi tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ké oyè lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá jókòó sídìí tábìlì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí ohunkóhun má tún lọ ṣì, nítorí náà kò sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́, kò sọ̀rọ̀ lórí ìjọba. Ó ṣe ohun tí òfin wí gẹ́lẹ́. Ó tẹ orúkọ àwọn méjèèjì. Ó bi ọkọ ní ìbéèrè tó yẹ, ọkọ dáhùn. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ṣé ìwọ náà gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà omi lé ròrò sí i lójú. "Rárá, sà," ó ní.

Ọ̀gá tún un béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ tó fẹ́ jọ ẹ̀bẹ̀.

"Mi ò gbà, sà. Bàbá mi ló gbà."

Ọkùnrin tí Mínísítà fi tẹ̀ lé e ti sáré jáde, fóònù ti wà létí rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ ń pariwo. Ọ̀gá kò gbọ́ wọn. Ó ń wo àga kan tó ń lọ, tó ń lọ, tó sì wọ kọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. "Ẹ ṣé, bàbá," ó ní, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí. Ọlọ́run á gbé yín ga, sà. Á gbé yín ga ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ."

Ọ̀gá Pátápátá la ẹnu. Ó wá ọ̀rọ̀ káàkiri ikùn rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ kì í ti wọ́n, ẹyọ kan péré ló rí.

"Àmín," ó ní.